Ṣé Ọ̀bẹ Ni A Ń Pọ́n fún Olè Bí A Bá Kọ́ Ẹlẹ́wọ̀n ní Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà?

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan kíkọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé ọ̀bẹ ni wọ́n ń pọ́n fún olè. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń fọ́ ilé onílé kó tó wọ ẹ̀wọ̀n yóò jáde tán, yóò sì wá máa fi kọ̀ǹpútà jalè. N kò ní fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí olè ti ja ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, wọ́n sì mọ bí ó ṣe ń dunni. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ti pa àwọn ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ ká wo irú olè tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an. Púpọ̀ nínú jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò béèrè pé kí ènìyàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fi owó ránṣẹ́ tàbí tí yóò fi sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó mọ irọ́ pa, tó sì ní fóònù lọ́wọ́, kò tún nílò olùkọ́ kankan fún iṣẹ́ ibi yẹn. Òdìkejì èyí ni kíláàsì fi ń kọ́ni: ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè gbàgbé àmì kékeré kan ṣoṣo ní ìlà ogójì, kí gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti àárọ̀ má lè ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kò ṣeé bẹ̀, kò sì ṣeé purọ́ fún. Àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sẹ́yìn, kí ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó wá àṣìṣe ara rẹ̀ rí, kí ó sì tún un ṣe. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń sọ ènìyàn di ẹni tó ń gba àṣìṣe rẹ̀ lójoojúmọ́ bí èyí.

Àwọn mìíràn rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì náà ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, tí ẹlẹ́wọ̀n yóò sì máa bá ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní The Last Mile. Chris Redlitz àti Beverly Parenti ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2010, ní ọdún 2014 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà náà ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀kọ́ sí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kankan jáde síta.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kò tilẹ̀ nílò iná mànàmáná. Christopher Havens, ẹni tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní ìpínlẹ̀ Washington nítorí ìpànìyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò nígbà tí wọ́n ti í mọ́ yàrá àdágbé. Ó kọ lẹ́tà síta láti béèrè ìwé, lẹ́tà náà sì dé ọ̀dọ̀ Umberto Cerruti, onímọ̀ ìṣirò kan ní Turin ní Ítálì, ẹni tó fi ìṣòro kan ránṣẹ́ sí i láti dán an wò. Ìdáhùn tí Havens fi ránṣẹ́ padà wà lórí bébà kan tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tó kún fún ìṣirò tí ó fi ọwọ́ kọ. Nígbà tí Cerruti fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọ̀nà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iṣẹ́ tí ó bá àwọn onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì ṣe jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Research in Number Theory.

Ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí ni irú ìdá tí ìdá mìíràn ń bẹ nínú rẹ̀ láìlópin, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní pẹ́ńsùlù lè tọ́ ọ wò. Ẹ gbà pé a ń wá nọ́ńbà tí a ó fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò jẹ́ 2. Bí a bá dá ìdá aláìlópin náà dúró lọ́nà, ó kọ́kọ́ fún wa ní 3/2, tí í di 9/4 bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, èyí tó fi 1/4 ju 2 lọ. Lẹ́yìn náà, ó fún wa ní 7/5, tí í di 49/25, èyí tó fi 1/25 dín sí 2. Èyí tó tẹ̀lé e ni 17/12, tí í di 289/144, tó fi 1/144 péré ju 2 lọ. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn nìyẹn, síwá sẹ́yìn, láìní dé ibẹ̀ láé. Ta ni ẹni tó jókòó ti irú nǹkan báyìí lóru fẹ́ fi ja lólè?

Ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà, Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Evergreen àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n jọ gbé ètò kan kalẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣiṣẹ́. Nínú ọgbà Cedar Creek, wọ́n sin irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ti ń tán lọ ní ayé, láti inú ẹyin ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀; wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń yẹ omi wọn wò, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà fi dàgbà tó èyí tí wọ́n lè tú sílẹ̀ sí àbàtà. Àwọn obìnrin tó wà ní ọgbà Mission Creek náà sin labalábá tó ṣọ̀wọ́n.

Ní ti àbájáde, iléeṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1980 jọ, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Gbogbo irú ẹ̀kọ́ ni ìwádìí náà wò, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì nìkan. Ó fi hàn pé nínú gbogbo 100 ènìyàn, àwọn tó padà sẹ́wọ̀n lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ fi nǹkan bí 13 dín sí ti àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́, àti pé dọ́là 1 tí wọ́n bá ná sórí ẹ̀kọ́ náà ń dín dọ́là 4 sí 5 kù nínú owó tí ìjọba ì bá ná lórí ẹ̀wọ̀n láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, èrò tó fara pẹ́ èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di òfin ní Amẹ́ríkà rí: ní ọdún 1994, wọ́n fòfin dènà owó ìrànwọ́ Pell (owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́) fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, oṣù keje ọdún 2023 ni àǹfààní náà sì tó padà bọ̀ sípò káàkiri, fún àwọn tó wà nínú ètò tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹlẹ́wọ̀n ni yóò jáde lọ́jọ́ kan. Ẹni tó wọlé nígbà tí wọ́n ṣì ń fi bébà béèrè iṣẹ́ yóò jáde bá ayé tí wọ́n ti ń fi fóònù béèrè iṣẹ́, tí wọ́n ń fi san owó, tí ọmọ rẹ̀ sì ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí òun kò lè ràn án lọ́wọ́ lé lórí. Òfin Mandela, ìyẹn ìlànà nípa bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015, sọ ọ́ ní ìlà 104 pé kí ẹ̀kọ́ inú ọgbà bá ti orílẹ̀-èdè mu, kí ẹni tó jáde lè máa bá a lọ láìsí ìṣòro. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ nípa irú ètò báyìí ni bóyá olùkọ́ ń wá déédéé, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ọgbà mìíràn lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, àti bóyá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún un, láìsí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n níbẹ̀.