Fọ́ǹtì Tó Rẹwà Kọ́ Ni Ìṣirò Ń Wá

Òǹkọ̀wé físíìsì kan tún ti dé, ó ti bá ara rẹ̀ yan fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tó fẹ́ fi tẹ ìwé rẹ̀. "Ó rẹwà gan-an," ó ní. Mo ní kó fi ìyàtọ̀ v àti ν hàn mí. Ó wo ìwé títí, ó wò mí. Ọ̀kan ni ìyára, èkejì ni iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú fọ́ǹtì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè dá wọn mọ̀.

Kí fọ́ǹtì kan tó wù yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ l, 1, I, O, 0, p, ρ, x àti × sórí ìlà kan. Bí ẹ bá ṣi ẹyọ kan mú fún òmíràn, ẹ jù ú nù. Wàhálà l àti 1 yìí náà ló jẹ́ kí àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí i ní 1979 pé a lè fi L ńlá kọ lítà.

s tó dúró fún jíjìn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, s ti ìṣẹ́jú àáyá ń nàró. sin àti log náà ń nàró. Mi ò ní tún un sọ.

Àwọn gbájúẹ̀ kan á ní fọ́ǹtì olówó gọbọi nìkan ló péye. Irọ́ ńlá! Ọ̀fẹ́ ni STIX Two Math àti Latin Modern Math, àmì inú wọn sì ju èyí tí ẹ máa lò láyé yín lọ.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Symbol. Lẹ́tà W ni kọ̀ǹpútà fi ń pa Ω (àmì óòmù, ìwọ̀n ìdènà iná) mọ́ nínú rẹ̀, m ló sì fi ń pa µ (àmì ìdá kan nínú mílíọ̀nù) mọ́. Aṣọ lásán ni wọ́n wọ̀. Bí fáìlì bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní Symbol, tàbí tí aláìmọ̀kan bá yí fọ́ǹtì gbogbo ìwé padà lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ bọ́ nìyẹn. Oníbàárà kan tẹ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná báyẹn: 10 Ω di 10 W. Kò sẹ́ni tó fura, torí wáàtì náà wà nínú ẹ̀kọ́ iná lóòótọ́. Ìyẹn ṣì sàn. Bí µg bá di mg nínú ìwé oògùn, iye tí aláìsàn máa lò ti di ìlọ́po 1,000, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlà pupa kankan tó máa yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi Unicode, ìlànà tó fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tẹ àwọn àmì yìí, ẹ so fọ́ǹtì mọ́ inú PDF, kí ẹ sì wá Ω àti µ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bébà kí ẹ tó buwọ́ lù ú.