Manmohan Singh nìkan kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn ọrọ̀ ajé Íńdíà

Nígbà tí Manmohan Singh papò dà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dárò rẹ̀: òun ló ṣí ilẹ̀kùn ọrọ̀ ajé Íńdíà lọ́dún 1991, òun ló yọ orílẹ̀-èdè náà kúrò lẹ́nu gbèsè. Mo kà á káàkiri. Mo sì ń gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gbà pé bí ìjọba kan bá ṣáà ti lè rí ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìṣúná fi jẹ mínísítà, wàhálà parí. Èèyàn iyì ni Manmohan Singh, ẹni tó mọ̀wé tí kò sì fọwọ́ kan owó ìlú ni, n kò sì ní gba ohunkóhun kúrò nínú ọlá rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni yẹn ni olóòtú ìjọba tó yàn án ṣe mínísítà ìṣúná lọ́dún 1991, P. V. Narasimha Rao. Bí a kò bá mọ ohun tí ojú Rao rí ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú, a kò lè mọ bí ọdún 1991 ṣe ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti já. Manmohan Singh kì í ṣe àlejò nínú ìjọba lọ́dún 1991. Láti ọdún 1972 ló ti jẹ́ olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba àpapọ̀ lórí ọrọ̀ ajé. Lọ́dún 1976 ó di akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìṣúná. Ó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ wọn láti 1982 sí 1985, ó sì jẹ́ igbákejì alága àjọ tó ń ṣètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè títí di 1987. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilé iṣẹ́ aládàáni ní Íńdíà kò lè dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, kò lè fi kún iye ọjà tó ń ṣe, àfi kó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọba ní Delhi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó kan ti kọ àbá sílẹ̀ pé kí wọ́n tú ìdè yìí. Inú fáìlì ni àbá náà sùn sí. Ọkùnrin kan náà, ìmọ̀ kan náà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìjọba, ilẹ̀kùn kò ṣí. Nítorí náà, ohun mìíràn ló yí padà lọ́dún 1991.

Ohun kan tó yí padà ni pé owó tán. Nígbà tí Iraq gba Kuwait lọ́dún 1990, owó epo rọ̀bì fò sókè, àwọn ará Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé sá padà wálé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 1991, dọ́là tó kù lápò ìjọba kò lè ra ju ọjà ọ̀sẹ̀ méjì láti òkèèrè lọ. Ìjọba Chandra Shekhar, tó ṣáájú ti Rao, ti ta tọ́ọ̀nù wúrà 20 fún báńkì kan ní Switzerland pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn á rà á padà. Ní oṣù Keje, wọ́n tún kó tọ́ọ̀nù 47 lọ fi dógò ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tó pọ̀ jù ní Bank of England, kí wọ́n lè rí nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù dọ́là yá. Ẹni tó bá mọ ipò tí wúrà wà nínú ilé àwọn ará Íńdíà, bí ìyá ṣe ń tọ́jú rẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó, á mọ bí ìtìjú náà ti tó.

Ṣùgbọ́n kí owó tán nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ìjọba lowó ti tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n kàn yá sí i, tí wọ́n sì ń bá ìwà wọn lọ. Ohun kejì ni ẹni tó wà lórí àga.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí Rao, ní abúlé kan ní agbègbè Warangal, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Telangana lónìí. Ìgbà náà abẹ́ Nizam, ọba Hyderabad, ni ilẹ̀ wọn wà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Congress, ó sì wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh láti ẹkùn Manthani lọ́dún 1957. Ogún ọdún ló lò níbẹ̀. Ó di mínísítà ìpínlẹ̀ lọ́dún 1962: ó bójú tó ọ̀rọ̀ òfin, ó bójú tó ìlera, ó bójú tó ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ìwé ló ń kà, èdè ló ń kọ́. Èdè tó gbọ́ ju mẹ́wàá lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, Indira Gandhi, olóòtú ìjọba Íńdíà nígbà náà, fi í ṣe olórí ìjọba Andhra Pradesh. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Íńdíà, gómìnà ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ará ìlú dìbò fún. Ààrẹ ló ń yàn án, agbára ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìjọba ní tòótọ́ ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀, tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀ gbé ró. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó ṣubú nìyẹn. Bí Delhi náà bá sì fẹ́, ìjọba àpapọ̀ lè gba ìpínlẹ̀ náà sọ́wọ́ fúngbà díẹ̀.

Rao gba ipò yìí, ó sì dojú kọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó fẹ́ kí òfin fi gbèdéke sí iye ilẹ̀ oko tí ẹnì kan lè ní, kí ìjọba sì pín èyí tó bá lé fún àwọn tí kò nílẹ̀. Onílẹ̀ ńlá lòun fúnra rẹ̀, ó sì yọ̀ǹda nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn yìí ni wọ́n ń ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ Congress ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ló ń náwó ìbò, àwọn ni bàbá àti ẹ̀gbọ́n àwọn aṣòfin. Ó kéde ohun tó fẹ́ ṣe gbangba, ó sì fún wọn láyè láti kó ara wọn jọ.

Àyè náà kò pẹ́ ṣí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òfin àtijọ́ tó fi iṣẹ́ ìjọba ní Hyderabad pamọ́ fún ọmọ ìbílẹ̀ Telangana ṣì múlẹ̀. Àwọn ará etíkun Andhra, apá mìíràn nínú ìpínlẹ̀ náà, fa ìbínú yọ, wọ́n ní kí wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí méjì. Rao, tó jẹ́ ọmọ Telangana, sọ pé ìdájọ́ ti parí ọ̀rọ̀, iná sì ràn. Àwọn onílẹ̀ darapọ̀ mọ́ ìjà tí kì í ṣe tiwọn tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò ti wà láàárín rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, Indira Gandhi ní kó sọ̀kalẹ̀. Kò lò ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí oyè.

Èmi gbà pé níbí ni ọdún 1991 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Rao kò pa èrò àyípadà tì, ṣùgbọ́n kò tún fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀ mọ́.

Àwọn ipò tó tẹ̀ lé e ní Delhi pọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ó wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ lọ́dún 1977; ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe ti ààbò, ó ṣe ti ẹ̀kọ́. Ọ̀kan ni n kò gbọ́dọ̀ fò. Òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà tí wọ́n pa Indira Gandhi ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1984, tí àwọn jàǹdùkú sì ń wọ ojúlé dé ojúlé ní Delhi tí wọ́n ń pa àwọn ẹlẹ́sìn Sikh. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú tó lé ní 2,700 ní ìlú yẹn nìkan. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá Delhi wà. Ẹ̀bi yẹn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà tóbi tó.

Lọ́dún 1991, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, kò díje nínú ìbò, ó ti ń di ẹrù ìwé rẹ̀ padà sílé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, bọ́ǹbù pa Rajiv Gandhi, ọmọ Indira tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Congress, níbi tó ti ń polongo ìbò ní Sriperumbudur. Ẹgbẹ́ Congress nílò àgbà tí kò ní ọ̀tá púpọ̀, wọ́n sì nawọ́ sí Rao. Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, ó búra gẹ́gẹ́ bí olóòtú ìjọba, láìní iye aṣòfin tó pọ̀ tó láti dá ìjọba ṣe.

Kì í ṣe Manmohan Singh ló kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe mínísítà ìṣúná. I. G. Patel, tó ti jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ rí, ló kọ́kọ́ fi lọ̀, onítọ̀hún sì kọ̀. Ohun tó ń wá ni onímọ̀ tí àwọn ayánilówó lágbàáyé á gbà gbọ́, tí kò sì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn tó lè fi dìtẹ̀. Manmohan Singh bá a mu gẹ́lẹ́.

Wàyí o, ẹ wo oṣù Keje ọdún yẹn. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n já iye rúpìì, owó Íńdíà, wálẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fẹ́ tún un já, ẹ̀rù ba Rao, ó ní kí Manmohan Singh dá a dúró. Nígbà tí Manmohan Singh fi máa pe báńkì àpapọ̀, wọ́n ti ṣe é. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ti gba ọ̀nà òdìkejì báyìí, tí wọ́n ń sọ pé akọ̀wé Rao lásán ni Manmohan Singh. Irọ́ nìyẹn náà. Nínú ọ̀rọ̀ owó, òun ló lọ́kàn jù.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, tó jẹ́ ìdè gan-an, kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ni ín, Rao kò sì gbé ipò mínísítà ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú un dání fúnra rẹ̀. Ibi tí ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ti kùnà gan-an nìyí. Ìlànà tuntun tó fòpin sí láísẹ́ǹsì fún gbogbo iṣẹ́ àfi méjìdínlógún, tó sì jẹ́ kí àwọn ará òkèèrè lè ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún nínú iléeṣẹ́ púpọ̀, àṣẹ Rao ló gbé e jáde.

Ọ̀nà tó gbà ni mo ní kí ẹ fi ọkàn sí. Nígbà tí àwọn mínísítà rí àbá náà, wọ́n yarí: wọ́n ní ó tako ohun tí Nehru, olóòtú ìjọba àkọ́kọ́ ní Íńdíà, dá sílẹ̀. Rao kò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, kí wọ́n yin Nehru, Indira àti Rajiv, kí wọ́n sọ pé iṣẹ́ àwọn yẹn la ń bá lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, àwọn mínísítà sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, mínísítà kékeré kan ló tẹ́ ìwé náà síwájú ilé aṣòfin. Ní wákàtí díẹ̀ sí i, Manmohan Singh dìde láti ka àbá ìṣúná. Tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn dojú kọ ọ́, òun ni gbogbo ayé rí, ìwé láísẹ́ǹsì náà sì kọjá láìsí ariwo púpọ̀. Rao lọ́dún 1972 ì bá ti dúró kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aṣòfin Congress fi ìbínú hàn pé owó ajílẹ̀ fò sókè ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, Rao jẹ́ kí wọ́n bú Manmohan Singh títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n dín in kù sí ìdá 30, wọ́n sì yọ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké sílẹ̀. Àwọn aṣòfin náà lọ sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n fagi lé kò padà wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: Manmohan Singh kò lè dá àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn lóhùn, Rao náà kò sì lè bá IMF, àjọ ayánilówó àgbáyé, ṣírò.

Kí ló wá dé tí orúkọ rẹ̀ fi sọnù? Apá kan rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ara pamọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, kò rọrùn fún ayé láti rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wá láti Ayodhya, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1992, àwọn jàǹdùkú ẹlẹ́sìn Híńdù wó mọ́ṣáláṣí Babri, rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e sì pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn. Rao gba ìlérí ìjọba ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh gbọ́ pé wọn á dáàbò bò ó, kò gba ìpínlẹ̀ náà sọ́wọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí kò dárí jì í, n kò sì rí ìdí tí wọn ì bá fi dárí jì í. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbò tí àwọn aṣòfin dì ní oṣù Keje ọdún 1993 láti mọ̀ bóyá kí ìjọba rẹ̀ dúró tàbí kó ṣubú, èyí tí ìjọba rẹ̀ fi 265 sí 251 yè bọ́, tí wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 2000. Ilé ẹjọ́ gíga Delhi dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002. Congress ti pàdánù ìbò ọdún 1996, àwọn tó wá gba ẹgbẹ́ náà kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Manmohan Singh, tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe olóòtú ìjọba láti 2004 sí 2014, ló rọrùn fún wọn láti yìn.

Rao kú ní Delhi ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé iwájú oríléeṣẹ́ Congress ní 24 Akbar Road, wọn kò ṣí ẹnu ọ̀nà fún un. Ọkọ̀ tó gbé e dúró níta fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Hyderabad, níbi tí wọ́n ti sun ún.

Ẹni tí kò gbà kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni Manmohan Singh. Lọ́dún 2020, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìbí Rao, ó sọ pé Rao gan-an ni bàbá àtúnṣe ọrọ̀ ajé Íńdíà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Narendra Modi kéde pé wọ́n fi Bharat Ratna, oyè tó ga jù lọ ní Íńdíà, dá Rao lọ́lá. Ẹni ọdún 91 ni Manmohan Singh nígbà náà, ó ṣì jókòó nínú ilé aṣòfin àgbà.