Imú la fi ń mí, kí ló kan kíndìnrín?

Ìròyìn kan tí àwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp sọ pé eruku wínníwínní inú afẹ́fẹ́, PM2.5, ń ba sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé irọ́ ni. A gbìyànjú láti tú u wò.

Kí ni PM2.5?

Eruku àti èéfín tí wóró rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 2.5 lọ. Ẹ to bí 30 jọ kó tó nípọn tó fọ́nrán irun orí kan.

Báwo ló ṣe dé kíndìnrín?

Irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dá eruku ńlá dúró. PM2.5 á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó di ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó ti ta ẹ̀dọ̀fóró lára á wú, á máa tú èròjà tí ara fi ń jà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn wóró tó kéré jù lọ á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, ọ̀dọ̀ kíndìnrín ló ń gbà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sẹ́ lóòjọ́ tó lítà 180.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí asẹ́ bá ya: eèrí á bọ́ sísàlẹ̀. Ti kíndìnrín náà nìyẹn. Èròjà irin tó lẹ̀ mọ́ eruku ń jẹ awọ sẹ́ẹ̀lì bí ìpẹtà ṣe ń jẹ páànù, ó sì ń ba ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára jẹ́. Tí asẹ́ bá ti bàjẹ́, purotéènì tó yẹ kó kù sínú ẹ̀jẹ̀ á yọ́ bọ́ sínú ìtọ̀.

Ṣé wọ́n rí i lára èèyàn àbí lára eku nìkan?

Lára èèyàn náà. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní St. Louis, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ológun tó ti fẹ̀yìn tì tó tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀, tí wọ́n tọpa wọn fún ọdún tó lé ní mẹ́jọ. Bí afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ṣe dọ̀tí sí ni àrùn kíndìnrín ṣe pọ̀ sí. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: a ò sọ pé eruku nìkan ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ṣì ni ọ̀gá.

Oògùn wà ńkọ́?

Nínú àwo àyẹ̀wò àti lára eku, àwọn èròjà kan tó ń dènà ìpẹtà yẹn dín ìbàjẹ́ náà kù. Kò tíì sí èyí tí a fi hàn dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Ẹni tó ń ta àgbo “afọ-kíndìnrín” fún yín, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, Belgium: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, egbòogi tí àwọn obìnrin ń lò kí wọ́n lè dín sísanra kù ló ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn jẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kọjú sí fèrèsé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yí i padà. Títí dìgbà náà, ẹ ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ má sun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Bí agbára bá ká a, gáàsì sàn ju igi ìdáná lọ. Nígbà ọyẹ́, ìbòmú N95 tó fún mọ́ ojú dáadáa ló wúlò; aṣọ lásán ò ṣe é.

Ṣé omi púpọ̀ á fọ̀ ọ́ jáde?

Rárá.

Ta ló yẹ kó bẹ̀rù jù?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò lọ́dọọdún. Ìtọ̀ tó ń hó bí omi ọṣẹ lójoojúmọ́, tí ìfóòfó rẹ̀ kì í tètè lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.