Ìdámọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ní agbègbè Ìkòròdú

Ìdámọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ni iṣẹ́ àfẹ́ṣe tí àwọn olólùfẹ́ bàálù fi ń wá orúkọ, ilé-iṣẹ́ àti ìgbà ayé bàálù tí àwòrán rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ ti di ìgbàgbé. Bàálù tó gbajúmọ̀ kì í yọni lẹ́nu. Èyí tí wọ́n kọ́ díẹ̀, tí wọn kò sì lò pẹ́, ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní Ìkòròdú, tó wà ní bèbè àríwá ọ̀sà Èkó, àwòrán ìdílé ló mú iṣẹ́ yìí wúlò jù: àwòrán dúdú-àti-funfun tí a kò kọ ọdún sí lẹ́yìn rẹ̀, tí bàálù kan sì hàn lẹ́yìn àwọn tó dúró. Ẹni tó bá mọ bàálù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún tí wọ́n ya àwòrán ọ̀hún.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ irú ìmọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣọ́nà Royal Observer Corps ní láti mọ bàálù ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá láti ara òjìji rẹ̀ nìkan. Ọ̀nà wọn náà ni a ṣì ń tọ̀: kí a wo apá, kí a ka ẹ́ńjìnnì, kí a wo ara ọkọ̀, kí a wá wo ìrù. Nínú gbogbo rẹ̀, ìrù ló ṣeé gbára lé jù. Ọ̀dà ara bàálù kò tó ẹ̀rí rárá, nítorí olówó tuntun lè kùn ún bó ṣe wù ú.

Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ń balẹ̀ sójú omi ni ìtàn wọn súnmọ́ Ìkòròdú jù, torí pé ojú ọ̀sà ni wọ́n ń lò. Nígbà ogun náà, BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń fi wọ́n ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó. Ní 1941, ó ra Boeing 314 mẹ́ta lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ó sì sọ wọ́n ní Bristol, Berwick àti Bangor. Méjìlá péré ni Boeing kọ́ nínú irú wọn. Ìrù mẹ́ta tó dúró ṣánṣán ni àmì wọn. Short Sunderland náà ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, àmọ́ ìrù kan ṣoṣo ló ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú nìyí: BOAC gba Sunderland tí wọ́n ti yọ ìbọn rẹ̀ kúrò, ó sì fi ń kérò láti 1943. Irú èyí jọ Short Empire tó ṣáájú rẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wo imú àti ìdí ọkọ̀, níbi tí ìbọn wà tẹ́lẹ̀, kí a tó dárúkọ. Catalina kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, orí òpó kan sì ni apá rẹ̀ jókòó lé. Ẹgbẹ́ 270 ti RAF, ìyẹn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo Catalina àti Sunderland láti Àpápá láàárín 1943 sí 1945, wọ́n ń ṣọ́ etíkun nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì.

Ní ti àwọn tí ń balẹ̀ sórí ilẹ̀, de Havilland DH.86 ni Imperial Airways, ilé-iṣẹ́ bàálù Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú BOAC, lò nígbà tí ọ̀nà Khartoum sí Kánò dé Èkó ní 1936. Apá rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Àwọn ènìyàn sábà máa ń pè é ní Dragon Rapide, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, nígbà tí Rapide ní méjì.

WAAC, ilé-iṣẹ́ bàálù àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, lo Dove, Heron, Bristol 170 àti Handley Page Marathon. Imú Bristol 170 tóbi, ó ń ṣí bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, táyà rẹ̀ kì í sì í ká wọlé. Dove àti Heron jọ ara wọn ní imú. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ti Dove, mẹ́rin ni ti Heron. Marathon ló ṣeyebíye jù fún ẹni tó ń wá ọdún àwòrán: mẹ́tàlélógójì péré ni gbogbo èyí tí wọ́n kọ́, WAAC sì gba mẹ́fà. Apá rẹ̀ wà lókè ara ọkọ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin àti ìrù mẹ́ta. Kò pẹ́ lọ́wọ́ WAAC, nítorí náà àwòrán tí Marathon ilé-iṣẹ́ yìí bá wà nínú rẹ̀ kò lè kúrò ní ìdajì àkọ́kọ́ ẹ̀wádún 1950.

Lẹ́tà ara bàálù náà ń ṣèrànwọ́. VR-N ni ti Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, 5N ni ti ìgbà òmìnira, G sì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù tí wọ́n bá tà sí orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń gba lẹ́tà tuntun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ fún un kì í yí padà. Nọ́ńbà yìí ni àwọn olùwádìí fi ń tọ ipasẹ̀ bàálù kan láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn.