Mini: Bí Ọkọ̀ Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá Ṣe Gba Èèyàn Mẹ́rin, àti Iṣẹ́ Tí Ó Ń Kó fún Ẹni Tó Ni Ín

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ British Motor Corporation, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí BMC, gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde fún títà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iye owó rẹ̀ kò tó 500 pọ́n-ùn. Orúkọ méjì ni wọ́n fi tà á: Austin Seven ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Austin, Morris Mini-Minor ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Morris. Ọkọ̀ kan náà ni. Àwọ̀n iwájú àti orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló yàtọ̀, nítorí pé ọdún 1952 ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan, ẹnu àwọn oníṣòwò wọn kò sì tíì kò. Nígbà tó yá, orúkọ kúkúrú náà, Mini, ló borí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ yìí fi dùn ún wà tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ni ín sinmi, ọ̀rọ̀ àyè ni kí ó di mú. Ibi tí wọ́n ti fún nǹkan pọ̀ kí èèyàn lè rí ibi jókòó, ibẹ̀ náà ni àtúnṣe ti máa ń yọjú lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló bí i. Ní 1956, Gamal Abdel Nasser sọ ọ̀nà omi Suez di ti ìjọba Íjíbítì. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ísírẹ́lì gbógun lọ síbẹ̀, ọ̀nà tí epo ń gbà dé Yúróòpù sì dí. Láti oṣù Kejìlá ọdún náà títí di oṣù Karùn-ún 1957, ìwọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín bẹntiróòlù fún àwọn onímọ́tò. Àsìkò yìí ni àwọn ọkọ̀ tíńtìntín láti Jámánì, irú bí Isetta àti Messerschmitt, rí ọjà tà gan-an. Inú Leonard Lord, tó jẹ́ alága BMC, kò dùn sí wọn rárá, ó sì ní kí Alec Issigonis ṣe ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ ọkọ̀ gidi, tí yóò lé wọn kúrò lójú títì. Ohun tó kà léèwọ̀ fún un ni kí ó lọ ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun; èyí tí BMC ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ó lò. Smyrna, tó ń jẹ́ Izmir ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lónìí, ni wọ́n bí Issigonis sí ní 1906. Òun kan náà ló ṣe Morris Minor tó jáde ní 1948, ọkọ̀ tí àwọn àgbàlagbà Èkó àti Ìbàdàn kò ní ṣàìmọ̀.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, òòró ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì sí. Gíà á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ṣáfútì gígùn á sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ yí táyà ẹ̀yìn. Gbogbo ìyẹn ló ń jẹ àyè tó yẹ kí ẹsẹ̀ èèyàn wà. Ìbú ni Issigonis gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ sí, ó sì jẹ́ kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dán an wò, nítorí pé DKW ti ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì láti 1931, ṣùgbọ́n sìlíńdà méjì ni ẹ́ńjìnnì tiwọn ní. Oní-sìlíńdà mẹ́rin ni ti BMC, ó sì gùn ju kí gíà tún rí ibi dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín táyà méjèèjì. Níbí ni ọgbọ́n ọkùnrin náà ti yọ jù lọ: abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ti gíà bọ̀, nínú àwo tí ọ́ìlì ń gbé gan-an, tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti gíà jọ ń lò. Rédíétọ̀ pàápàá kò sí níwájú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e sí, tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ ooru sí ìhà táyà. Ọkọ̀ tó jáde láti inú gbogbo èyí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3.05, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti èèyàn àti ẹrù. Ẹ́ńjìnnì 848 cc, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 34, ló ń gbé e rìn.

Táyà tí wọ́n ń lò nígbà náà tóbi jù fún ọkọ̀ yìí, nítorí pé ihò tí táyà ń gbé máa ń yọ wọ inú ọkọ̀. Dunlop ló ṣe táyà oní-íǹṣì 10 fún un. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tí yóò máa gba jìgìjìgì lábẹ́ ọkọ̀ ló le jù. Ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bí 600 kìlógíráàmù lọ, èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn sì lè wúwo tó ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sípíríìnì rírọ̀ sí i, abẹ́ rẹ̀ á máa họ ilẹ̀ nígbà tí èèyàn bá kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi èyí tó le sí i, á máa ta awakọ̀ sókè nígbà tí ó bá dá wà. Alex Moulton, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló rí ojútùú sí i: ó fi kónù rọ́bà rọ́pò sípíríìnì. Ìwà rọ́bà ni pé bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i ni ó ń le sí i, nítorí náà ẹrù kékeré á bá a ní rírọ̀, ẹrù ńlá á sì bá a ní líle, àyè tí ó gbà kò sì tó nǹkan. Kónù yìí, pẹ̀lú táyà tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ gan-an, ló jẹ́ kí Mini máa yà ní kọ́nà láìyọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n fi ètò olómi tí wọ́n pè ní Hydrolastic rọ́pò kónù láti 1964 kò pẹ́. Wọ́n tún padà sí rọ́bà.

Ibi tí wọ́n ti jo irin ara ọkọ̀ pọ̀ ni wọ́n fi etí rẹ̀ sí ìta, kí iṣẹ́ wẹ́dà lè yá, kí owó sì dínkù. Ìta náà ni ìdè ilẹ̀kùn wà. Gíláàsì fèrèsé kì í wọlé sínú ilẹ̀kùn, ńṣe ni wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn, èyí ló sì jẹ́ kí inú ilẹ̀kùn ṣófo tí ó fi di àpò ńlá. Títí di 1969 ni ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ yìí gbà di olókìkí kò jọ ohun tí àwọn tó ṣe é rò. John Cooper, tó ń ṣe ọkọ̀ eré-ìje, rí i pé ohun tó ń di ilẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí agbára rẹ̀ kéré. Mini Cooper jáde ní 1961, Cooper S tẹ̀ lé e ní 1963. Awakọ̀ Paddy Hopkirk fi í gba ìdíje ọkọ̀ Monte Carlo ní 1964, Timo Mäkinen gbà á ní 1965, Rauno Aaltonen gbà á ní 1967. Ní 1966, àwọn Mini ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ yọ wọ́n kúrò nítorí ọ̀rọ̀ iná iwájú, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí títí di òní. Ohun kan tí òkìkí yìí dá sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á lónìí ni ayédèrú: ó rọrùn láti lẹ orúkọ Cooper mọ́ ọkọ̀ lásán, kí wọ́n sì tà á ní iye tó ga. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì ni kí oníbàárà yẹ̀ wò, àwọn tó ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́ náà ní Gaydon sì máa ń fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí bí ọkọ̀ kan ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ní ti òjò, ẹni tó bá ni Mini ayé àtijọ́ mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, kabúrétọ̀ ló wà níwájú, dìsíríbútọ̀ sì wà lẹ́yìn. Yìnyín ń dì sínú kabúrétọ̀ nígbà òtútù, wọ́n sì yí ẹ́ńjìnnì náà padà. Dìsíríbútọ̀, tí í ṣe ẹni tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, wá bọ́ sẹ́yìn àwọ̀n iwájú, níbi tí òjò àti omi tí ọkọ̀ iwájú ń ta sókè ti ń dé bá a tààrà. Omi kékeré ni, iná á já, ọkọ̀ á kú sójú títì. Láti ìgbà náà ni àwọn onímini ti ń fi rọ́bà bò ó. Ilẹ̀ inú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà ń gba omi, nítorí pé etí irin tí wọ́n gbé lé ara wọn lábẹ́ kọjú sí iwájú, títí wọ́n fi tún un ṣe.

Ọ́ìlì ni wàhálà kejì. Eyín gíà ń gé ọ́ìlì náà wẹ́wẹ́, ó sì ń tètè sọ agbára rẹ̀ nù; ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 3,000, tí wọn kì í sì í fi ọ́ìlì olówó ńlá ti òde òní rọ́pò 20W-50. Irin tó bá já lára gíà lè bá ọ́ìlì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kónù rọ́bà náà ń darúgbó: bí ó bá ti pẹ́, ó ń fún pọ̀, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, jìgìjìgì á sì pọ̀. Apá ẹ̀yìn tí táyà so mọ́ ní ibi tí wọ́n ń gbà fi gíríìsì sí i, àmọ́ ó fara pamọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í rántí rẹ̀ títí bíárìn inú rẹ̀ yóò fi jẹ tán.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpẹtà. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà yìnyín, etí irin tó wà níta ara Mini sì ń gba omi iyọ̀ náà dúró. Férémù kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé omi ń wọ inú rẹ̀, kì í sì í jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí irin iwájú ti pàdé gíláàsì, àti àpótí bátìrì tó wà nínú búùtù. Kí ẹni tó fẹ́ ra Mini má wo ọ̀dà tó ń dán. Kí ó gbé kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, kí ó yọ bátìrì, kí ó sì wo abẹ́ ilẹ̀kùn: bí irin ibẹ̀ bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fi irin tuntun bo èyí tó ti jẹrà mọ́lẹ̀ láìgé e kúrò. Owó panẹ́ẹ̀lì bítà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tó dá Mini yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọn kò tà mọ́. British Motor Heritage, ní Witney lẹ́bàá Oxford, ṣì ń fi irinṣẹ́ àtijọ́ ṣe odindi ara ọkọ̀ náà. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ó lé ní mílíọ̀nù 5.3 irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ìkẹyìn tó jáde ní Longbridge, ní Birmingham, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000. BMW, tó ra Rover, ilé-iṣẹ́ tí BMC dà nígbà tó yá, ní 1994, ti ta Rover padà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó di orúkọ Mini mú, ọkọ̀ tó sì fi orúkọ náà pè láti 2001 tóbi ju ti Issigonis lọ fíìfíì.

Òfin náà ní ti rẹ̀ lórí ìgbà tí ọkọ̀ jáde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó bá ti pé 40 ọdún, tí wọn kò sì tíì yí i padà púpọ̀, lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ọdọọdún MOT, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ṣì máa ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò nítorí ìpẹtà. Bẹntiróòlù E10, tí wọ́n fi ẹtanọ́ọ̀lù lú, tó gbòde láti 2021 ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́, E5 tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré ni ó dára fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Mini ọdún 1975 tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àtijọ́ kì í san owó ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wa ti ọdún 1995 ní Peckham máa ń san 12.50 pọ́n-ùn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé e jáde, títí ọkọ̀ náà yóò fi pé 40 ọdún, tí wọ́n á sì lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àtijọ́.