Bọ́tìnì mẹ́ta tí a fi ń jí kọ̀ǹpútà

Ọdún 2002 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Agbowó, òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ní, Windows 98 ló wà lórí gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ìka ló kọ́ mi: ọwọ́ òsì lórí Ctrl àti Alt, ọ̀tún lórí Delete, lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Àkọ́kọ́ máa ń mú àpótí orúkọ àwọn ètò (program) jáde, ìkejì ló ń pa ẹ̀rọ kó lè tún tàn. "Tó bá ti hang, pa á kó jí."

Àṣé wọn ò ṣe oògùn yẹn fún irú wa. David Bradley, onímọ̀ ẹ̀rọ ní IBM, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ní Florida, ló ṣe é nígbà tí wọ́n ń kọ́ IBM PC, èyí tó jáde ní August 1981. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dán wò náà ń hang ṣáá, àkókò sì ń ṣòfò lórí pípa á àti títàn án. Bọ́tìnì Esc ni Bradley kọ́kọ́ fi kún un. Ìgbà tó rí i pé ọwọ́ kan lè ṣèèṣì kàn án ló mú Delete tó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn tó ń kọ ètò ló ṣe é fún. Níbi ayẹyẹ ogún ọdún ẹ̀rọ náà ní 2001, ó sọ ọ́ lójú Bill Gates, ọ̀kan lára àwọn tó dá Microsoft tó ṣe Windows sílẹ̀, pé òun lòun ṣe é, ṣùgbọ́n Bill ló sọ ọ́ di olókìkí. Àpárá burúkú!

Kí ló wá ń pa kọ̀ǹpútà? Intel 8088, ọpọlọ tó wà nínú IBM PC, kò ní ògiri láàrin ètò kan àti èkejì. Bí agbo ilé kan lẹ́bàá Mápó tí yàrá kankan ò ní ilẹ̀kùn ló rí: ayálégbé kan á kàn wọlé da omi sínú ọbẹ̀ ẹlòmíì. Intel mọ ògiri sínú 80286 ní 1982, ó tún un mọ dáadáa sínú 80386 ní 1985. Àmọ́ ètò àtijọ́ tí aráyé ti rà kò mọ ògiri rí, Windows 95 àti 98 kò sì lè lé wọn síta, ni wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn. Ní April 1998, lójú Gates fúnra rẹ̀, Windows 98 dákú lórí pèpéle ní Chicago nígbà tí wọ́n so scanner mọ́ ọn.

Tiwa nílẹ̀ yìí tún ní ti iná. Lálẹ́ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó tì mí, à ń tún project rẹ̀ ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń save, ni wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀. ScanDisk, ètò tó ń yẹ dísìkì wò, yọ, ojú rẹ̀ búlúù, ó ń rìn bí ìgbín.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì wà?"
Ó wà, ṣùgbọ́n orí kẹta ti di FILE0000.CHK, orúkọ tí ScanDisk máa ń fún àjákù fáìlì. Tí a bá ṣí i, àmì ṣákálá-ṣàkàlà ló kún inú rẹ̀.

Àwọn tó ti kọ́ ètò fún kọ̀ǹpútà ńlá ló mú àtúnṣe wá. Microsoft gba Dave Cutler ní 1988 láti Digital, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Windows NT sì jáde ní 1993 pẹ̀lú ògiri gidi. NTFS, ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sórí dísìkì, bá a wá; ó máa ń kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ àyípadà tó fẹ́ ṣe sí bí fáìlì ṣe tò; tí iná bá lọ, á padà wo ìwé rẹ̀. (Kò ní kó dá ohun tí ẹ ò tíì save padà o.) Windows XP ló gbé gbogbo èyí wá sílé mẹ̀kúnnù ní October 2001.

Ó tó 2004 kó tó dé ṣọ́ọ̀bù wa. Word hang, ọ̀gá mi na ìka mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, ó ń retí kí ẹ̀rọ kú. Kò kú. Àpótí kan, tí orúkọ àwọn ètò tò sínú rẹ̀, ló dúró síbẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Èwo ló ní ká pa nínú wọn?"