Lílo máàpù àtijọ́ láti mọ ibi tí a ó ti fi ẹ̀rọ wá irin

Lílo máàpù àtijọ́ jẹ́ ọ̀nà ìwádìí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ awárin wá ohun ayé àtijọ́ nínú ilẹ̀ ń gbà mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ. Wọn kì í retí pé máàpù yóò fi ibi tí ìṣúra wà hàn wọ́n. Ibi tí èèyàn ti gbé rí, tí wọ́n ti ń pàdé tàbí tí wọ́n ti ń kọjá lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, pàápàá èyí tó ti di oko tàbí igbó lónìí. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí ni owó onírin, bọ́tìnì, òrùka àti irin bẹ́líìtì máa ń jábọ́ sí.

Lára irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ojú odò tí wọ́n ń gbà là kọjá kí afárá tó dé, oríta, ẹ̀bá kànga, ilé ọlọ, ilé ọtí ojú ọ̀nà àti pápá tí wọ́n ti ń ná ọjà ọdọọdún. Máàpù kan ṣoṣo kì í sábà tó. Iṣẹ́ náà gan-an ni fífi èyí tó pẹ́ jù wé àwọn tó tẹ̀ lé e. Ilé tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì ti wó láàárín ìgbà méjèèjì, ọgbà rẹ̀ sì lè máà tíì sí ẹni tó gbẹ́ ẹ láti ìgbà náà. Ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ ló yẹ kí a wò, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ máàpù, torí pé ọdún bíi mélòó kan lè wà láàárín wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú máàpù yìí lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1675, John Ogilby tẹ máàpù àwọn ọ̀nà ńlá jáde, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nà tàntàn lórí bébà bí ọ̀já. Wọ́n dá Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ náà, sílẹ̀ ní 1791, máàpù rẹ̀ àkọ́kọ́, ti agbègbè Kent, sì jáde ní 1801. Íǹṣì kan lórí rẹ̀ dúró fún máìlì kan. Ní ìwọ̀n 1:63,360 yìí, mìlímítà kan lórí bébà lé ní mítà 63 lórí ilẹ̀. Ó dára fún ọ̀nà àti abúlé, àmọ́ kò lè júwe ẹnu ọ̀nà ilé kan. Máàpù 1:2,500, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láàárín ọdún 1850 sí 1860, ló dára fún ìyẹn, nítorí mítà méjì àbọ̀ péré ni mìlímítà kan níbẹ̀. National Library of Scotland ti gbé púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń wò ó sì lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì òde òní.

Máàpù ìdámẹ́wàá tún yàtọ̀. Òfin 1836 ló sọ ìdámẹ́wàá tí àwọn àgbẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ń san fún ìjọ di owó, èyí ló mú kí wọ́n wọn agbègbè ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó lé ní 11,000 máàpù tó jáde nínú iṣẹ́ náà. Oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ìwé tó bá máàpù rìn sì sọ ẹni tó ni ín, ẹni tó ń dáko níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe àti orúkọ oko náà. Ìwé yìí máa ń wúlò ju máàpù fúnra rẹ̀ lọ. Oko tó ń jẹ́ Chapel Field, ìyẹn Oko Ṣọ́ọ̀ṣì, lè wà níbi tí kò ti sí ẹni tó rántí ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, máàpù USGS, àjọ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879, fi onígun mẹ́rin dúdú dúró fún ilé, wọ́n sì fi àsíá sórí èyí tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Máàpù Sanborn, tí wọ́n ṣe láti fi díwọ̀n ewu iná, bẹ̀rẹ̀ ní 1867; àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni ilé bíríkì, yẹ́lò ni ilé pákó. Ibi tí ilé pákó ti wó kún fún ìṣó, ẹ̀rọ kò sì ní yéé dún níbẹ̀.

Láti gbé máàpù àtijọ́ lé ti òde òní, a ó yan àwọn ohun tí kò ṣí kúrò, bíi ṣọ́ọ̀ṣì, afárá tàbí oríta, a ó sì fi kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀, bóyá nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi QGIS tàbí Google Earth. Bí ojúàmì bá ṣe pọ̀ tó ni àṣìṣe ń dín kù. Orí ẹ̀rọ awárin kì í sábà fẹ̀ ju 30 sẹ̀ntímítà lọ, nítorí náà máàpù tó fi mítà 20 yẹ̀ lè gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni. LiDAR, ìyẹn fífi ìtànṣán lésà wọn gíga ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, máa ń fi ebè àti poro àtijọ́ tí ojú lásán kò rí hàn.

Máàpù ní ibi tó kù sí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń rí nínú oko kò ní í ṣe pẹ̀lú ilé tàbí ọ̀nà kankan. Inú ajílẹ̀ àti pàǹtírí tí wọ́n ń kó wá láti ìlú ló ti wá. Ní Hoxne, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992, òòlù tó sọnù ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi kan ìṣúra ayé àwọn ará Róòmù, tí owó inú rẹ̀ lé ní 14,000.

Lórí máàpù Ordnance Survey, lẹ́tà Gothic, ìyẹn lẹ́tà aláràbarà ti ayé àtijọ́, ni wọ́n fi kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ibi àtijọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fà sí, ibẹ̀ náà sì ni òfin ti lè máa ṣọ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1979, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti lo ẹ̀rọ awárin lórí ibi tí ìjọba dáàbò bò láìgba ìwé àṣẹ, lórí ilẹ̀ yòókù sì rèé, onílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Lábẹ́ Òfin Ìṣúra ti 1996, ẹni tó bá rí ìṣúra ní ọjọ́ 14 láti fi tó ìjọba létí. Ní Faransé àti Ireland, àṣẹ ìjọba ni ẹni tó ń wá ohun ayé àtijọ́ yóò kọ́kọ́ gbà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé onílẹ̀ ti yọ̀ǹda.